Ìbéèrè Yín Lórí Káfíńtà àti Iṣẹ́ Pákó Nínú Ilé

Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni lẹ́tà àwọn òǹkàwé wa ti ń wọlé lórí ọ̀rọ̀ àwọn káfíńtà: òrùlé tí ìjì gbé, ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ pa dé mọ́, owó tí a san sílẹ̀ tí a kò rí iṣẹ́ rẹ̀. A ṣa mẹ́fà nínú wọn dáhùn lóṣù yìí, a sì gé àwọn tó gùn kúrú láìyí ohun tí olúkúlùkù ń béèrè padà. Bí ẹ bá ti ń kà á lọ, ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú ìjà onílé àti káfíńtà kì í ti ibi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọjà pákó ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹni tó ni owó kò sí, tí ẹni tó wà níbẹ̀ kò sì ni owó.

Ìjì gbé òrùlé ilé bàbá mi ní Òkè-Àdó, ní apá yàrá mẹ́ta. Káfíńtà tí aládùúgbò kan júwe fún mi wá wò ó, ó kọ ìwé ohun tí a máa rà, ó sì ní kí n kó gbogbo owó pákó àti ìṣó fún òun pẹ̀lú ìdajì owó iṣẹ́, kí òun lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Èmi kò mọ nǹkan kan nípa pákó. Ṣé kí n kó o fún un? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Ìbàdàn)

Ẹ kú ewu ìjì o, màmá. Ẹ má tíì kó owó náà lé e lọ́wọ́. Kì í ṣe pé a ń pe ọ̀gá náà lólè, nítorí a kò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin méjèèjì kò tíì fẹnu kò lórí iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe, ẹni tí kò sì mọ iye iṣẹ́ kò lè mọ iye owó.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí irú káfíńtà tí ó jẹ́. Iṣẹ́ yìí ní ẹ̀ka: ẹni tó ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì wà, ẹni tó ń kan pákó tí àwọn bíríkìlà ń da kọnkéré sí wà, ẹni tó ń ṣe òrùlé náà sì wà lọ́tọ̀. Ọwọ́ tó mọ àga kàn dáadáa lè máà mọ bí ẹrù òrùlé ṣe ń pín sórí ògiri. Ẹ ní kí ó mú yín lọ wo òrùlé méjì tí ó ti ṣe ní àdúgbò, kí ọ̀kan nínú wọn ti rí òjò ọdún méjì, ó kéré tán. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má bi onílé pé ṣé iṣẹ́ rẹ̀ dára, nítorí ojú máa ń ti ènìyàn láti sọ àbùkù ẹni lójú ẹni. Ẹ bi í pé nígbà tí ó jò, ṣé ó padà wá. Òrùlé tí kì í jò rárá ṣọ̀wọ́n, káfíńtà tó ń padà wá wò ó sì tún ṣọ̀wọ́n jù ú lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ó gun òkè lójú yín, tàbí lójú ẹnì kan nínú ẹbí, kí ó fi òòlù kan àwọn igi tó ṣẹ́kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún kọ́ọ́kọ́ọ́ ṣì le. Èyí tó bá dún bọ̀ọ̀bọ̀ọ̀, tí ìṣó sì wọ inú rẹ̀ bí ẹni wọ inú ẹ̀kọ, ikán tàbí omi ti ba tirẹ̀ jẹ́. Ní ilé tí àwọn bàbá wa kọ́ láyé àtijọ́, ó ṣeé ṣe kí ìrókò tàbí àpá wà lókè níbẹ̀, irú igi tí àpò ọ̀pọ̀ nínú wa kò ká mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó bàjẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ó bá ọkọ̀ ẹlẹ́rù jáde nínú ọgbà. Àwọn kan wà tí ẹnu wọn máa ń yá láti sọ pé gbogbo rẹ̀ ló ti jẹrà. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń gbé èyí tó jẹrà náà lọ.

Ẹ wá mú ìwé tó kọ fún yín jáde. Bí ó bá kọ “pákó, ogójì, ìṣó, àpò kan”, ìwé náà kò tíì pé. Ó gbọ́dọ̀ sọ irú igi, ìbú àti nínípọn rẹ̀, gígùn rẹ̀, iye rẹ̀, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa lọ. Òrùlé ilé gbígbé sábà máa ń gba pákó ínǹṣì 2×6 tàbí 2×4 fún àwọn igi gbọọrọ tó gbé e dúró, 2×4 fún èyí tí a tẹ́ sórí ògiri, àti 2×3 tàbí 2×2, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní tú-báì-tíríì àti tú-báì-tú, fún èyí tí a máa kan páànù mọ́. Pákó ọjà sábà máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Ìṣó ínǹṣì 4 àti 5 ni ó ń so àwọn igi ńlá pọ̀, ti ínǹṣì 3 wà fún àwọn kékeré. Nípa irú igi, ìrókò, àpá àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ kì í tètè jọ̀wọ́ ara wọn fún ikán, ṣùgbọ́n owó wọn ti gun òkè àjà. Ìdígbò wà láàárín. Afárá ṣeé lò lókè bí a bá fi oògùn sí i. Arère àti àràbà rọ̀, kòkòrò sì fẹ́ràn wọn, nítorí náà wọn kò yẹ fún igi tó gbé òrùlé. Bí ó bá kàn sọ pé “igi líle” ni òun máa rà, ẹ ní kí ó dárúkọ rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ náà sínú ìwé.

Ọjà pákó Bódìjà kò jìnnà sí yín. Ẹ bá a lọ, tàbí kí ẹ rán ẹni tí ẹ fọkàn tán, pẹ̀lú tépù lọ́wọ́. Pákó tí wọ́n ń pè ní 2×4 lè máà pé ínǹṣì 2 sí 4 bí ẹ bá wọ̀n ọ́, nítorí pé bí sọ́mìlì bá ti ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni gẹdú kan ṣoṣo ń di pákó púpọ̀ sí i. Ẹ gbé e sókè ní ìkángun kan, kí ẹ fi ojú kan wò ó títí dé ìkángun kejì: èyí tó bá ti wọ́ tàbí tó ti lọ́ nínú ọjà, kò sí ìṣó tó máa tọ́ ọ. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, nítorí apá funfun tó sún mọ́ èèpo ni kòkòrò kọ́kọ́ ń jẹ, kódà lára ìrókò. Ẹ gbé e wò lọ́wọ́ pẹ̀lú. Èyí tó bá wúwo ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tó sì tutù, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Òkè ilé yín ni yóò ti máa gbẹ, tí yóò máa lọ́, tí yóò sì máa fa ìṣó páànù tu.

Ẹ ó gbọ́ pé ẹni tó ń ta pákó máa ń fún káfíńtà tó mú oníbàárà wá ní nǹkan. Òótọ́ ni, ó ti pẹ́ tó ti wà, a kò sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ohun tó burú ni kí ó jẹ́ pé nítorí nǹkan náà ni wọ́n ṣe mú yín lọ sí ìsọ̀ ẹni tí pákó rẹ̀ kò dára. Ẹ béèrè iye pákó kan náà ní ìsọ̀ mẹ́ta kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó ní déètì, nítorí iye pákó kì í dúró lójú kan.

Kí igi tó gòkè, kí wọ́n fi Solignum tàbí oògùn ikán mìíràn kùn ún yíká, títí kan ojú ibi tí ayùn ti gé e, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e tán. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà jáde lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rọ́pò oògùn yìí. Ó máa ń rùn, ó sì tètè ń gba iná. Ẹ má gbà á. Níwọ̀n bí ìjì sì ti gbé òrùlé náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ bi káfíńtà léèrè bí yóò ṣe de igi orí ògiri mọ́ ògiri fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í kàn ń ti òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́; ó ń gba abẹ́ etí rẹ̀ wọlé, ó sì ń fà á sókè. Ìdáhùn tó tọ́ ni irin tàbí wáyà líle tí a rì sínú kọnkéré orí ògiri, tí a sì lọ́ mọ́ igi náà pinpin. Bí ó bá ní ìṣó nìkan ti tó, òun kọ́ ni ẹ ń wá.

Ohun kan ṣì kù tí ẹ kò béèrè. Bí àjà ilé náà bá jẹ́ ti ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn gé e tàbí kí ó fi òòlù fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n yọ ọ́ lódidi, kí wọ́n fi ọ̀rá dì í, kí àwọn ọmọdé má sì sí nílé lọ́jọ́ náà.

Owó iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ ra pákó fúnra yín, kí ẹ wá pín owó iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀, kí òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè rí owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, ìdá kejì nígbà tí igi bá ti dúró tán, tí wọn kò tíì kan páànù, nítorí àkókò yẹn nìkan ni ojú yín lè tó gbogbo ohun tó wà lábẹ́, ìdá tó kù lẹ́yìn tí òjò ńlá kan bá ti rọ̀ sórí rẹ̀. Ní àsìkò tí a wà yìí, ìyẹn kò ní pẹ́. Bí kò bá gbà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn. Káfíńtà pọ̀ n'Ìbàdàn.

Ilẹ̀kùn yàrá wa kì í fẹ́ pa dé nígbà òjò, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni yóò máa pa dé. Káfíńtà fẹ́ fá a. Ṣé kí a jẹ́ kí ó fá a? (Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ ní kí ó dúró ná. Igi ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu lásìkò òjò, ó sì ń wú ní ìbú; ọyẹ́ ń gbẹ omi náà, igi ń sún kì. Ohun tó bá fá kúrò ní oṣù Kẹsàn-án ni ẹ ó máa rí gẹ́gẹ́ bí àlàfo ní oṣù Kìíní. Kí ó kọ́kọ́ wo ìdè ilẹ̀kùn ti òkè, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà sìkúrù rẹ̀ ni ó ti tú, tí ilẹ̀kùn sì rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ tí ó fi ń ha ilẹ̀. Sìkúrù tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó wọ inú férémù dáadáa, lè parí ọ̀rọ̀ náà. Kí ó wá wo orí àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn bóyá wọ́n kùn ún ní ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ káfíńtà kì í kun ibẹ̀, nítorí ojú ẹnikẹ́ni kò tó o, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni omi ń gbà wọlé. Ẹ kùn ún nígbà ọyẹ́, tí igi bá ti gbẹ. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju fífá lọ, kí ó fá ẹ̀gbẹ́ tí ìdè wà, kí ó má bàa ṣí ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà nípò.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, mo sì ń kọ́lé sí Ṣágámù; àbúrò mi obìnrin ló ń bójú tó o. Káfíńtà ní kí n sanwó kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná báyìí kí pákó tó tún gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì rẹ́ ògiri tán. MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, ni ó ní òun máa lò. Kí ni ẹ rí sí i? (Ọmọ Rẹ́mọ, Peckham)

Ó ti yá jù. Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná kò ṣeé wọ̀n kí wọ́n tó rẹ́ ògiri tán àti kí wọ́n tó tẹ́ táìlì sí ilẹ̀, nítorí sìmẹ́ǹtì àti táìlì á jẹ nínú àyè náà, wọn kì í sì í jẹ ẹ́ dọ́gba ní gbogbo ìgun. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ṣì ń tú omi jáde fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, omi náà yóò sì wọ inú ohunkóhun tí wọ́n bá gbé tì í. MDF dára fún ojú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó máa ń gba ọ̀dà dáadáa. Ṣùgbọ́n lábẹ́ síńkì, bí omi bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, yóò wú, kò sì ní padà sí bó ti wà. Plywood tí omi kì í tètè bà jẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní marine board, ni kí ó lò níbẹ̀. Bí ẹ̀rù ọ̀wọ́n bá ń bà yín, ẹ ra pákó rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí igi ní yàrá gbígbẹ, ṣùgbọ́n ẹ má tíì san kọ́bọ̀ kan nínú owó iṣẹ́.

Ohun tó tún jẹ wá lógún jù ni pé káfíńtà yín ń bá yín sọ̀rọ̀ tààrà lórí fóònù, tí àbúrò yín tó wà níbẹ̀ sì di ẹni tí ń ṣí géètì lásán. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹnu àbúrò yín ni òun yóò ti máa gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí owó sì máa gba ọwọ́ àbúrò náà kọjá.

Mo san owó sílẹ̀ fún káfíńtà kan ní Ṣómólú kí ó ṣe wọ́dúróòbù méjì fún mi. Ọjọ́ tí a dá ti kọjá lọ tipẹ́, kò sì gbé ìpè mi mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n lọ gbé e, ó ní ibẹ̀ ni yóò ti pọ owó náà. (Òṣìṣẹ́ báńkì, Èkó)

Ó ká wa lára bí ó ti ká yín lára, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín kò bá òfin mu. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí àdéhùn tí kò mú ṣẹ. Ti ẹni tó parọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀, bíi ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí kì í ṣe káfíńtà rárá, tó kàn gba owó lọ. Ìyẹn jẹ́ jìbìtì, ó sì jẹ́ ti ọlọ́pàá. Káfíńtà yín, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣàlàyé nínú lẹ́tà yín, ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti kan férémù ọ̀kan nínú méjèèjì. Gbèsè ni tirẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni a máa sọ, kì í ṣe láti gbèjà rẹ̀. Káfíńtà gba owó yín, ó rí i pé oníbàárà àná ń yọ òun lẹ́nu, ó fi owó yín ra pákó ti ẹni àná, ó sì ń retí pé oníbàárà ọ̀la ni yóò wá ra tiyín. Nígbà tí ti ọ̀la kò bá dé, ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ó gbé fóònù. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀ kùtù, pẹ̀lú àgbàlagbà kan tàbí pẹ̀lú ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Iwájú ọ̀gá tó fún un ní fíríìdọ̀mù ni ojú máa ń tì í jù lọ, ju iwájú ọlọ́pàá lọ. Àwọn alága ẹgbẹ́ káfíńtà àdúgbò náà máa ń dá sí irú ọ̀rọ̀ báyìí, nítorí orúkọ gbogbo wọn ni ó ń bàjẹ́.

Bí èyí kò bá yanjú rẹ̀, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó máa ń pe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jókòó láìgba owó. Lẹ́yìn ìyẹn ni kóòtù ẹjọ́ kékeré tó wà lábẹ́ àwọn májísíréètì Èkó, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Kò pọn dandan kí ẹ gba lọ́yà, wọ́n sì ṣe ìlànà rẹ̀ kí ẹjọ́ lè parí láàárín 60 ọjọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ lẹ́tà bi í lówó kí ẹ tó lọ. Ẹ kó gbogbo ẹ̀rí ìfowóránṣẹ́ àti àtẹ̀jíṣẹ́ yín jọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, fún yín ní ẹ̀tọ́ pé kí iṣẹ́ tí ẹ sanwó fún parí lásìkò, kí ó sì dára tó bó ti yẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè ní kí ó tún un ṣe tàbí kí ó dá owó tó tọ́ padà nínú rẹ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá àgbà wa wà ní Pópó Àgùdà, l'Ékòó. Fèrèsé onígi tó ní abala pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni ó ní, ìsàlẹ̀ mélòó kan nínú wọn sì ti jẹrà. Káfíńtà ní kí a yọ gbogbo wọn, kí a fi aluminiomu sí i. Ẹbí ti pín sí méjì. (Ọmọ ìdílé, Ìsàlẹ̀ Èkó)

A wà pẹ̀lú apá tó ní kí ẹ má yọ ọ́, a ó sì sọ ìdí rẹ̀, ju pé ó rẹwà lọ. Àwọn Àgùdà tó padà wá láti Brazil ni wọ́n mú irú ìkọ́lé yìí wọ Èkó, wọ́n sì jẹ́ ọ̀gá nídìí igi àti bíríkì. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Igi tí irú wọn lò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kàn án, inú igi ni wọ́n sì lò, kì í ṣe apá funfun rẹ̀. Fèrèsé tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ọ̀sà, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹrà, kò tíì parí iṣẹ́. Ẹ̀wẹ̀, abala pẹlẹbẹ yẹn ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé nígbà tí òjò ń rọ̀, èyí tí aluminiomu onígíláàsì kò lè ṣe. Ẹ ó san owó iná fún fáànù.

Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kò le lójú ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Kí ó gé ibi tó jẹrà kúrò ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ó gbẹ́ igi irú kan náà, tó gbẹ, kí ó fi gọ́ọ̀mù tí omi kò lè tú lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ó sì fi èèkàn igi dè é. Abala tó bá ti ṣẹ́, kí ó gbẹ́ òmíràn ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ má wá ẹni yìí láàárín àwọn tó ń ṣe òrùlé. Ẹ wá a láàárín àwọn tó ń kan àga, tó mọ bí a ṣe ń gbẹ́ ihò àti ahọ́n igi wọ inú ara wọn láìlo ìṣó. Ẹ fún un ní fèrèsé kan ṣoṣo ná, ẹ sanwó rẹ̀, kí ẹ wò ó, kí ẹ tó fún un ní ìkejì. Ẹ kìlọ̀ fún un kí ó má ha ọ̀dà àtijọ́ náà ní gbígbẹ, nítorí òjé sábà máa ń wà nínú ọ̀dà ayé ìgbà náà, eruku rẹ̀ sì léwu fún ọpọlọ àwọn ọmọdé. Kí ó fi omi rin ín kí ó tó ha á.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ béèrè bóyá ilé náà wà nínú àwọn tí ìjọba kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ilé tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, ní gbàgede Tinúbú, wà nínú wọn láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Apá kejì nínú ẹbí yín lè fẹ́ ka ìyẹn.

Káfíńtà ni èmi fúnra mi. Oníbàárà kan gbé àwòrán bẹ́ẹ̀dì àti wọ́dúróòbù wá, ó yí i padà lẹ́yìn tí mo ti gé pákó, ó tún yí i padà. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ó ní iye àkọ́kọ́ ni òun máa san. Ó ti kó ẹrù lọ, owó ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń pe káfíńtà ní onírọ́. Ta ni yóò gbọ́ tiwa? (Ọ̀gá káfíńtà, Abẹ́òkúta)

A gbọ́ tiyín, ọ̀gá. Oríkì sọ pé Ògún gbẹ́nàgbẹ́nà, oje igi ní í mu. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín àti àwọn ọmọ iṣẹ́ yín kò lè mu oje igi, iṣẹ́ tí ẹ bá sì ṣe lẹ́ẹ̀mejì yẹ kí ó gba owó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn oníbàárà wa kan wà tí wọn kò rí pákó tí a ti gé gẹ́gẹ́ bí owó. Bí wọ́n bá rí àwòrán mìíràn lórí fóònù lóru, wọn yóò fi ránṣẹ́, wọn yóò sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Síbẹ̀, ọwọ́ yín ni ọ̀nà láti dá a dúró wà, ní ọjọ́ tí ó bá ti sọ pé òun fẹ́ yí i padà. Ẹ gbé ayùn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, kí ẹ kọ pákó tí ẹ ti gé, iye rẹ̀, iye tí àyípadà yìí yóò fi kún owó, àti iye ọjọ́ tí yóò fi kún àkókò, kí ẹ má sì padà sídìí iṣẹ́ àfi tí ó bá fèsì pé òun gbà. Ẹni tí kò bá fẹ́ fèsì ti fèsì. Ẹ má sì kó ẹrù jáde ní ṣọ́ọ̀bù kí owó tó pé, bó ti wù kí ó bẹ̀ yín tó pé àlejò ń bọ̀ nílé òun lọ́jọ́ Sátidé. A ó sọ èyí fún yín pẹ̀lú, nítorí a ti sọ irú rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ báńkì wa lókè: ẹ má da owó oníbàárà méjì pọ̀. Ìgbà tí owó ẹnì kan bá ń ra pákó ẹlòmíràn ni ọjọ́ tí a dá kì í pé, tí ẹnu sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá irọ́ tí yóò sọ.

Fún ti ẹni tó jẹ yín ní gbèsè yìí, ẹ kọ lẹ́tà sí i; kò pọn dandan kí lọ́yà kọ ọ́. Ẹ kọ déètì tí ẹ gba iṣẹ́, iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, àyípadà méjèèjì àti ọjọ́ tí ó sọ wọ́n, ọjọ́ tí ó kó ẹrù, àti iye tó kù. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kí ẹni tó bá gbé e lọ fún un gba ìbuwọ́lù tàbí kí ó ya àwòrán bí ó ti gbà á, kí ẹ̀dà kan sì wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, nítorí májísíréètì ní Abẹ́òkúta yóò béèrè rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú rẹ̀.